Ọ̀gágun Tó Padà Wálé láti Mẹ́kà

Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́hun Ọba tó dá wa, tó kó wa jọ sí ìlú tí kì í ṣe ìlú àwọn bàbá wa, tó sì ń bò wá láṣìírí níbẹ̀. Kí ìkẹ́ àti ọlà rẹ̀ máa bá Ànábì Muhammad, àwọn ará ilé rẹ̀ àti àwọn sàábé rẹ̀. Lẹ́yìn èyí, ẹ̀yin ará wa nínú ẹ̀sìn, ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ bá yín sọ lónìí jẹ mọ́ ọ̀gágun kan tó ti kú, ó sì jẹ mọ́ àwa fúnra wa pẹ̀lú. Ọ̀pọ̀ nínú yín mọ apá kan rẹ̀, nítorí ojú yín ni ó ṣe. Apá kejì ni a kò tíì sọ fún yín.

Ní ọjọ́ Sátidé kan ní ìgbà òtútù, lẹ́yìn ìrun Alásàrí, a jókòó pẹ̀lú àwọn ọ̀dọ́ wa nínú mọ́sáláṣí wa, ní àgbàlá ẹ̀yìn ilé kan tí kò jìnnà sí Turmstraße, ní Moabit. Ọ̀kan nínú wọn, ọmọ tí a bí sí Berlin tí kò tíì dé Nàìjíríà ju ẹ̀ẹ̀mejì lọ, na fóònù rẹ̀ sí wa. Fídíò kan ni àwọn àgbà fi ránṣẹ́ sórí WhatsApp jámáà. Ọkùnrin kan wọ aṣọ ológun nínú rẹ̀, ó ń sọ̀rọ̀, ojú rẹ̀ le koko, kò sì sí ẹ̀rín lẹ́nu rẹ̀. Àwọn àgbà kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé irú ẹni yìí ni Nàìjíríà nílò. Ọmọ náà béèrè pé, "Àfáà, ta ni bàbá yìí? Ṣé lóòótọ́ ni pé ó máa ń ti ènìyàn mọ́lé láìgbé wọn dé ilé ẹjọ́?"

A dá a lóhùn pé Ọ̀gágun Túndé Ìdíàgbọn ni. A ní kí ó jẹ́ kí á dáhùn ìbéèrè kejì ní ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Ọ̀sẹ̀ náà dé, ó kọjá, a kò dáhùn. Òmíràn tún kọjá. Ọmọ náà kò béèrè mọ́, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ kò kúrò lára wa. Ẹ jẹ́ kí á kọ́kọ́ sọ ẹni tí ọ̀gágun náà jẹ́, kí á tó sọ ìdí tí ẹnu wa fi wúwo.

A bí Túndé Ìdíàgbọn ní Ìlọrin ní ọjọ́ 14, oṣù Kẹsàn-án, ọdún 1943. Ìlú àwọn alùfáà ni Ìlọrin. Ọmọ tó bá dàgbà níbẹ̀ kò lè ṣàìgbọ́ ohùn àwọn ọmọ kéú ní kùtùkùtù òwúrọ̀, kò sì lè ṣàìmọ̀ pé wàláà àti pàṣán ni wọ́n jọ ń gbé ilé kéú. Ní ọdún 1958 ó wọ iléèwé àwọn ọmọ ológun ní Sáríà, nígbà tí òyìnbó ṣì ń ṣàkóso ilẹ̀ wa. Lẹ́yìn náà ni wọ́n rán an lọ sí Kakul, níbi tí wọ́n ti ń kọ́ àwọn ọ̀gá ológun ilẹ̀ Pàkísítánì.

Kí èyí má yà yín lẹ́nu. Nígbà tí Nàìjíríà gba òmìnira, kò tíì ní iléèwé ńlá ti ara rẹ̀ tó lè sọ ọ̀dọ́mọkùnrin di ọ̀gá ológun. Àwọn kan lọ sí Ìlú Ọba, àwọn kan lọ sí Íńdíà, àwọn kan lọ sí Pàkísítánì. Nígbà tí wọ́n sì dá NDA sílẹ̀ ní Kàdúná ní ọdún 1964, àwọn ọ̀gá ológun Íńdíà ni wọ́n kọ́kọ́ wá darí rẹ̀. Ọmọ ìyá ni ẹgbẹ́ ọmọ ogun Íńdíà àti ti Pàkísítánì, kí ilẹ̀ wọn tó pín sí méjì ní ọdún 1947. Ẹ̀kọ́ kan náà ni àwọn méjèèjì jogún, òun náà ni wọ́n sì fi kọ́ àwọn ọmọ wa: dé lásìkò, dúró ṣinṣin, pa àṣẹ mọ́, kí o sì jíhìn ohun tí a fi sí ìkáwọ́ rẹ. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi ọ̀rọ̀ ìkẹyìn yìí sọ́kàn, ọ̀rọ̀ jíjíhìn.

Ìdíàgbọn di ọ̀gá nínú iṣẹ́ ológun ní ọdún 1965. Kò pẹ́ tí ogun abẹ́lé fi dé, láti 1967 títí di 1970, ó sì darí ọmọ ogun lójú ìjà. Ní ọdún 1978, ìjọba ológun fi í ṣe gómìnà ìpínlẹ̀ Bọ̀rnó, ó sì wà níbẹ̀ títí àwọn ológun fi gbé ìjọba fún àwọn alágbádá ní oṣù Kẹwàá ọdún 1979. Ó padà sí bárékè, orúkọ rẹ̀ kò sì wọ́pọ̀ lẹ́nu ará ìlú. Nígbà tó di ọjọ́ 31 oṣù Kejìlá ọdún 1983, àwọn ológun gba ìjọba lọ́wọ́ Alhaji Shehu Shagari. Májò Jẹ́nẹ́rà Muhammadu Buhari di olórí, Ìdíàgbọn sì di igbákejì rẹ̀. Ogójì ọdún ni ó ṣẹ̀ṣẹ̀ pé.

Ní oṣù Kẹta ọdún 1984 ni ìjọba wọn kéde ogun sí ìwà àìníjàánu, èyí tí tọmọdé tàgbà mọ̀ sí WAI. Ìdíàgbọn ni ojú ogun náà àti ohùn rẹ̀. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú títò sórí ìlà: níbi ọkọ̀, ní báǹkì, níbi tí wọ́n ti ń ta kẹrosíìnì. Lẹ́yìn náà ni wọ́n kan ìwà àwọn òṣìṣẹ́ lẹ́nu iṣẹ́, wọ́n kan ìfẹ́ orílẹ̀-èdè ẹni, wọ́n sì kan ìmọ́tótó àyíká.

Ọmọ ọdún mẹ́tàlá ni a jẹ́ nígbà náà, ní Ìbàdàn. Bàbá wa jẹ́ akọ̀wé ní ọ́fíìsì ìjọba kan, ọjọ́ orí wọn sì ti ju àádọ́ta lọ. Ní àárọ̀ ọjọ́ kan wọ́n kírun Sùbúì, wọ́n jáde, wọn kò tètè rí ọkọ̀. Kí wọ́n tó débi iṣẹ́, wọ́n ti ti géètì. Àwọn ológun to gbogbo àwọn tó pẹ́ sí àgbàlá, wọ́n ní kí wọ́n di etí wọn mú, kí wọ́n lóṣòó, kí wọ́n sì máa fò bí ọ̀pọ̀lọ́. Òjò ti rọ̀ mọ́jú. Nígbà tí bàbá wa dé ilé ní ìrọ̀lẹ́, ẹrẹ̀ ti gbẹ mọ́ orúnkún ṣòkòtò wọn. Màmá wa bi wọ́n léèrè, wọ́n ní, "Mo ṣubú ni." Ọmọ ẹni tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ ni ó sọ òtítọ́ fún wa níléèwé.

Ohun tó rú wa lójú ni èyí. Ọ̀sẹ̀ díẹ̀ lẹ́yìn náà, Ìdíàgbọn ń sọ̀rọ̀ lórí rédíò. Bàbá wa, tí a rò pé wọn yóò pa á, ni ó tún ohùn rẹ̀ gbé sókè. Wọ́n ní, "Ọkùnrin nìyí. Ohun tó bá sọ ni ó ń ṣe." Ó tó ọdún mélòó kan kí á tó mọ̀ pé òtítọ́ ni ohun méjèèjì nínú bàbá wa, ìtìjú tí wọn kò lè sọ fún ìyàwó wọn àti ìyìn tí wọ́n ń yin ọkùnrin náà. Irú ọkàn méjì yìí ni ọ̀pọ̀ àwọn àgbà wa ní Berlin fi ń fi fídíò náà ránṣẹ́. Wọ́n rántí ìlà tó tọ́. Ẹrẹ̀ orúnkún ni wọ́n gbàgbé, bóyá wọn kò sì gbàgbé, wọn kàn kò fẹ́ kí ọmọ mọ̀ ni.

Ọ̀rọ̀ ìlà kò ṣàjèjì sí àwa ará Moabit. Àdúgbò wa ni ọ́fíìsì ìgbélùú wà, ní Friedrich-Krause-Ufer, létí odò. Kò sí ìdílé kan nínú jámáà wa tí kò ní ẹni tó ti dúró níbẹ̀ pẹ̀lú fáìlì lábẹ́ apá, tí ọkàn rẹ̀ ń lù kìkì. Ẹ̀yin fúnra yín mọ̀ pé ìlà tó tọ́ kò túmọ̀ sí pé ẹ̀tọ́ ń bẹ lópin rẹ̀. Ìbéèrè tí ẹni tó wà lórí ìlà máa ń bi Ọlọ́hun lọ́kàn rẹ̀ ni pé, ṣé ẹni tó jókòó lẹ́yìn tábìlì yóò gbọ́ tẹnu mi kí ó tó kọ nǹkan sílẹ̀?

Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí á sọ òdodo nípa ìjọba yẹn. Òfin kejì ọdún 1984 fi agbára lé ẹni tó wà ní ipò Ìdíàgbọn lọ́wọ́, pé bí ó bá ti tẹ́ ẹ lọ́rùn pé ẹnì kan léwu fún ìlú, kí ó fọwọ́ síwèé, kí wọ́n sì ti onítọ̀hún mọ́lé láìsí ẹjọ́. Òfin kẹrin ọdún kan náà ni wọ́n fi ju àwọn oníròyìn méjì, Tunde Thompson àti Nduka Irabor, sẹ́wọ̀n nítorí ìròyìn tí wọ́n kọ. Ní oṣù Kẹrin ọdún 1985, wọ́n yìnbọn pa àwọn ọkùnrin mẹ́ta tí wọ́n mú pẹ̀lú oògùn olóró, lábẹ́ òfin tí ó fa ọwọ́ sẹ́yìn láti mú ẹ̀ṣẹ̀ tí wọ́n dá kí wọ́n tó ṣe òfin náà. Ní ọdún yẹn kan náà, wọ́n lé àwọn àjèjì tí kò ní ìwé ìgbélùú kúrò ní Nàìjíríà, Gánà sì ni ọ̀pọ̀ nínú wọn ti wá. Ẹ fojú inú wò ó, ẹ̀yin ará Friedrich-Krause-Ufer: àwọn ènìyàn bíi tiwa, pẹ̀lú ẹrù lórí, lẹ́nu ibodè Sẹ̀mẹ̀.

Ìdáhùn sí ìbéèrè ọmọ náà, nígbà náà, kò ṣòro. Bẹ́ẹ̀ ni, lóòótọ́ ni.

Síbẹ̀, ìtàn ọ̀gágun náà kò parí síbẹ̀. Ní oṣù Kẹjọ ọdún 1985, Ìdíàgbọn lọ sí Hájì. Ọ̀sẹ̀ Iléyá gan-an ni, ní ọjọ́ 27 oṣù náà, ni àwọn ológun ẹlẹgbẹ́ wọn yọ Buhari nípò ní Nàìjíríà, tí Májò Jẹ́nẹ́rà Ibrahim Babangida sì di olórí. Ọkùnrin tó ṣe igbákejì olórí ìjọba nígbà tó ń gbéra nílé kò ní ipò kankan mọ́ ní ilẹ̀ mímọ́. Ìtàn tó tàn kálẹ̀ nígbà náà, tí a ṣì ń sọ dòní, ni pé ọba ilẹ̀ Sáúdì fi ààbò lọ̀ ọ́ pé kí ó máa gbé ọ̀dọ̀ àwọn. Bí ó bá gbà, ta ni ìbá bá a wí? Ìlú Mẹ́kà tí gbogbo wa ń sunkún láti dé ni wọ́n ní kí ó máa gbé nítòsí rẹ̀. Kò gbà. Ó padà sí Nàìjíríà ní ojú gbogbo ayé, ó mọ ohun tó ń dúró dè é, wọ́n sì mú un. Ó lé ní ọdún mẹ́ta tí wọ́n fi há a mọ́, kò sì sí ilé ẹjọ́ kan tó dá a lẹ́bi.

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní pàṣán tí a fi na ìyálé, ó ń bẹ lórí àjà fún ìyàwó. Ẹni tó ń fọwọ́ síwèé pé kí wọ́n ti ènìyàn mọ́lé láìsí ẹjọ́ ni wọ́n tì mọ́lé láìsí ẹjọ́. Nígbà tí wọ́n dá a sílẹ̀, ó lọ jókòó jẹ́ẹ́jẹ́ sí Ìlọrin, kò dá ẹgbẹ́ òṣèlú sílẹ̀, kò sì wá ipò kiri. Ibẹ̀ ni ó kú sí ní ọjọ́ 24 oṣù Kẹta ọdún 1999, nígbà tí ó ku bí oṣù méjì kí ìjọba tún padà sọ́wọ́ àwọn alágbádá. Kí Ọlọ́hun forí jì í.

Ó tó kí á wá sọ tiwa.

Ẹ rántí oṣù tó ṣáájú Iléyá èṣí. Owó jámáà dín ní 1,860 yúrò. Akọ̀wé mú ìwé báǹkì wá bá wa ní alẹ́ Ọjọ́bọ̀. Akápò wa nìkan ni ó ní àṣẹ láti gba owó náà jáde. A ti ń múra ìrìn àjò Hájì, ọkàn wa kò balẹ̀, ó sì ti pẹ́ tí àwọn kan ti ń yìn wá pé lèmọ́mù tó le ni wá, pé a kì í gba ìgbàkugbà. Ní ọjọ́ Jímọ̀, lórí mínbárì, lẹ́yìn kútúbà, a kéde pé owó ti pòórá, pé kí akápò má ṣe sún mọ́ àpótí jámáà mọ́ títí yóò fi jíhìn. A dá orúkọ rẹ̀. A kò pè é sí kọ̀rọ̀ ṣáájú. A kò bi í ní ohunkóhun. Ó jókòó ní ìlà kejì, ó wo ilẹ̀. Ọmọ rẹ̀ ọkùnrin jókòó tì í. Ọmọ tó béèrè ọ̀rọ̀ Ìdíàgbọn lọ́wọ́ wa ní ìgbà òtútù nìyẹn. A gba àṣẹ lọ́wọ́ òun àti bàbá rẹ̀ kí á tó kọ èyí.

Ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn náà, a wà nínú àgọ́ ní Mínà, àárẹ̀ ti mú wa, àdúà wà lẹ́nu wa, ni fóònù wa dún. Ọ̀rẹ́ wa kan nínú ìgbìmọ̀ ni ó fi ohùn ránṣẹ́. Ó ní, "Àfáà, ọ̀rọ̀ ti yí o." Ọ̀kan nínú àwọn àgbà wa tó lọ sí Nàìjíríà ti padà dé, ó gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀, ó sì bú sẹ́kún. Òun ni ó fún akápò láṣẹ láti ná owó náà. Ọmọ ilẹ̀ wa kan ni ó kú sí ilé ìwòsàn ní Berlin, kò ní ẹnì kankan nítòsí. Mọ̀lẹ́bí rẹ̀ kan ṣoṣo wà ní Hamburg, kò lówó, ó sì bẹ̀ wọ́n ní orúkọ Ọlọ́hun pé kí àṣírí òkú náà má tú sí ìta. Akápò sanwó, wọ́n wẹ òkú, wọ́n sì sin ín ní ìlànà ẹ̀sìn ní ibi ìsìnkú àwọn Mùsùlùmí ní Gatow. Gbogbo ìwé ẹ̀rí wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ti ṣèlérí pé òun kò ní sọ, kò sì sọ, kódà nígbà tí a dójú tì í níwájú ọmọ rẹ̀. Ẹ wo ẹni tó ní ìjánu láàárín àwa méjèèjì.

Ọ̀rẹ́ wa kò dákẹ́ síbẹ̀. Ó fẹ́ràn wa, ire ni ó sì rò sí wa. Ó ní, "Àfáà, jámáà ti pín sí méjì. Ẹ má tíì padà wá. Ẹ gba Jíddà lọ sí Èkó, ẹ lọ kí Màmá n'Íbàdàn, ẹ lo oṣù kan. Kí ẹ tó dé, ọ̀rọ̀ á ti tútù."

Kí Ọlọ́hun ṣe àforíjìn fún wa: a fẹ́ gbà. A ti ń ka owó ọkọ̀ òfuurufú. Màmá wa ti dàgbà, ta ni yóò sọ pé kí ọmọ má lọ kí ìyá rẹ̀? Ààbò tó dára jù ni èyí tó bá ní ohun rere lára, tí ènìyàn lè fi bojú. Ní òru yẹn ni ìtàn ọdún 1985 sọ sí wa lọ́kàn, ní ilẹ̀ kan náà, ní ọ̀sẹ̀ kan náà nínú ọdún Hájì. A rántí ohùn bàbá wa nídìí rédíò. A rántí orúnkún wọn pẹ̀lú. A tún rántí Khálídù ọmọ Wálídì, ọ̀gágun tó borí ogun púpọ̀ fún Ìsìláàmù, tí Úmárù yọ kúrò nípò ọ̀gá, tí kò sì sá, tó ń bá ogun lọ lábẹ́ Abú Ubaidá. A kò fi ara wa wé wọn. Ẹ̀wọ̀n ni ó ń dúró de Ìdíàgbọn nílé, ojútì lásán ni ó ń dúró dè wá ní Moabit. Bí ẹni tó mọ̀ pé ẹ̀wọ̀n ni bá lè padà, kí ni àwíjàre tiwa?

A padà sí Berlin tààrà. Ní ọ̀nà mọ́sáláṣí ní ọjọ́ Jímọ̀ yẹn, a gba iwájú ilé ẹjọ́ ọ̀daràn tó wà ní Turmstraße kọjá. Ẹ mọ ilé náà, òkúta ńlá tó ti wà níbẹ̀ láti ọdún 1906. Ọdọọdún ni a ń gba iwájú rẹ̀ kọjá tí a ń gbàdúà kí ọmọ wa má ṣe bá wọn débẹ̀. Ní ọjọ́ yẹn, ó dún wa lọ́kàn pé olè tí wọ́n ká mọ́ orí ẹrù ni wọ́n ń jẹ́ kí ó sọ tẹnu rẹ̀ nínú ilé yẹn, kí adájọ́ tó lanu. Ohun tí àwọn tí kì í ṣe ẹlẹ́sìn wa ń fún olè, a kò fi fún arákùnrin wa nínú ilé Ọlọ́hun. Àwa tí a kàwé jáde ní yunifásítì Ìsìláàmù, tí a sì ti kọ́ yín ní Súrà Hujurāt lọ́pọ̀ ìgbà, pé bí ìròyìn bá dé, kí ẹ wádìí rẹ̀ kí ẹ má baà pa ẹni ẹlẹ́ni lára, kí ẹ wá kábàámọ̀.

Ẹ gbọ́ ohun tí a sọ ní ọjọ́ náà, a kò ní tún un sọ gùn. A sọ ìtàn Ànábì Dáúdà nínú Súrà Ṣād, ọba tó tún jẹ́ jagunjagun, tí àwọn oníjà méjì gun ògiri wọlé bá. Ẹnì kan sọ tirẹ̀, Dáúdà sì dá ẹjọ́. Nínú àwọn onímọ̀, a rí àwọn tó sọ pé kí ó tó gbọ́ tẹnu ẹnì kejì ni ó dá ẹjọ́ náà, pé ìdánwò rẹ̀ nìyẹn. Nígbà tó mọ̀, ó wólẹ̀, ó tọrọ àforíjìn. A ní ibi tí a ti tú aṣọ arákùnrin wa, ibẹ̀ náà ni a gbọ́dọ̀ ti dá a padà wọ̀ ọ́. A dá orúkọ rẹ̀ bí a ti dá a tẹ́lẹ̀. A ní àwa ni a ṣẹ̀.

Akápò kò sí níbẹ̀. Apá tí ẹ kò mọ̀ nìyí. Ní ọjọ́ Àìkú a gun àtẹ̀gùn ilé rẹ̀, àjà kẹrin, kò sí ẹ̀rọ agbéniròkè. Ìyàwó rẹ̀ ṣílẹ̀kùn. Ó kúnlẹ̀ kí wa, ó ní, "Àfáà, ẹ káàbọ̀. Ẹ wọlé." Ó gbé omi wá. Kíkí yẹn dùn wá ju bí ó bá ti ìlẹ̀kùn mọ́ wa lójú. Akápò jáde wá, ó jókòó, ó dákẹ́ díẹ̀. Ó wá ní, "Àfáà, mo ti gbọ́ pé ẹ ti sọ ọ́ lórí mínbárì. Mo ti dárí jì yín nítorí Ọlọ́hun. Mi ò ní ṣe akápò mọ́. Ṣùgbọ́n ọmọ mi ni ó jókòó tì mí lọ́jọ́ yẹn. Ẹ bá mi bá a sọ̀rọ̀."

Ọmọ náà kò sí nílé. A ní a ó bá a sọ̀rọ̀. Oṣù kan kọjá, oṣù kejì kọjá. Ó ń wá sí kíláàsì wa ní ọjọ́ Sátidé, nítorí bàbá rẹ̀ kò fi ìbínú dí i lọ́nà ẹ̀kọ́. A ń rí i, a ń kí i, a ń kọ́ ọ ní Alùkùránì. A kò bá a sọ ọ̀rọ̀ náà. Ó rọrùn fún wa láti jíhìn níwájú igba ènìyàn ju kí á jíhìn níwájú ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún kan lọ. Títí ó fi na fóònù sí wa pẹ̀lú àwòrán ọ̀gágun nínú rẹ̀.

Sátidé tó kọjá, a ní kí ó dúró de wa lẹ́yìn kíláàsì. A jókòó sórí ẹní, àwa méjì péré. A ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, ó máa ń ti ènìyàn mọ́lé láìgbé wọn dé ilé ẹjọ́. Ó burú. Nígbà tí ọjọ́ rẹ̀ pé, kò sá fún ohun tó ń dúró dè é. Ìyẹn dára. Èyí tó dára kò pa èyí tó burú rẹ́, èyí tó burú kò sì sọ èyí tó dára di irọ́. Ọlọ́hun ni yóò ṣírò rẹ̀." Ó tẹ́tí, kò sọ nǹkan. Ó wá gbójú sókè, ó ní, "Àfáà, kí ló dé tí ẹ ò fi bi bàbá mi?"

A ní ìdáhùn púpọ̀ tí a lè fún un: ìrìn àjò, ìkánjú, ọ̀rọ̀ akọ̀wé. A kò fún un ní ọ̀kankan nínú wọn. A ní, "A fẹ́ kí jámáà rí i pé a le. Kò sí ìdí mìíràn. A ṣẹ bàbá rẹ, a sì ṣẹ ìwọ náà. Jọ̀ọ́, dárí jì wá." Ó fọwọ́ pa etí ẹní náà títí. Ó ní, "Ó dáa, Àfáà." Ó dìde, ó wọ bàtà, ó lọ. A kò mọ̀ bóyá ó ti tán nínú rẹ̀. Ẹ̀tọ́ rẹ̀ ni láti má tètè gbàgbé.

Ẹ̀yin ará wa, ẹ̀yin àgbà tí ẹ ń fi fídíò Ìdíàgbọn ránṣẹ́, a kò ní kí ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀ mọ́. Ẹ máa sọ gbogbo rẹ̀ fún àwọn ọmọ ni. Ẹ sọ ti ìlà tó tọ́, kí ẹ sọ ti orúnkún tó kún fún ẹrẹ̀. Ẹ sọ ti òfin kejì, kí ẹ sọ ti ọkọ̀ òfuurufú tó gbé e padà láti Sáúdì. Ọmọ tí a bá sọ ìdajì ìtàn fún yóò wá ìdajì kejì rí fúnra rẹ̀, yóò sì mọ̀ pé a fi pamọ́ ni.

Ní ti jámáà wa, ìgbìmọ̀ ti fẹnu kò pé láti ìsinsìnyí lọ, a kò ní dá orúkọ ẹnikẹ́ni lórí mínbárì nítorí ẹ̀sùn. Àgbà mẹ́ta ni yóò kọ́kọ́ gbọ́ tẹnu rẹ̀ ní kọ̀rọ̀, pẹ̀lú ìwé ẹ̀rí níwájú wọn. Òfin náà de lèmọ́mù kí ó tó de ẹlòmíràn. A fọwọ́ sí i fúnra wa.

Àjò kì í dùn kí onílé má relé. Ilé tí gbogbo wa ń lọ, ibẹ̀ ni a ó ti jíhìn láìsí ọ̀rẹ́ tí yóò ní kí á ṣì dúró níta títí ọ̀rọ̀ yóò fi tútù. Kí Ọlọ́hun forí ji ọ̀gágun náà, kí ó forí ji àwọn tí ìjọba wọn ni lára, kí ó tẹ́ afẹ́fẹ́ rere sí sàréè arákùnrin wa tó sùn ní Gatow. Kí ó san ẹ̀san rere fún akápò wa àti ìdílé rẹ̀. Kí ó fún àwa tí a ń darí yín ní etí tó ń gbọ́ kí ẹnu tó sọ. Àmín.